Kí Ni Ó Ń Jí Olówó Ní Kùtùkùtù?

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ̀yin ará wa ní Bessé àti ní gbogbo ilẹ̀ Ṣábẹ̀ẹ́, ọ̀rọ̀ kan wà tí a sábà máa ń gbọ́ ní ọjà, ní abẹ́ igi, àti nínú ọkọ̀ tí ń lọ sí Kútọnu. Bí a bá ti dárúkọ olówó kan nínú rédíò, ẹnì kan á mí kanlẹ̀, á ní: “Bí ó bá jẹ́ èmi ni mo ní ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó yẹn, n kò ní ṣiṣẹ́ mọ́ láyé mi. Màá jókòó, màá máa jẹun, màá máa sùn.” Àwọn tí ó kù á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní òótọ́ ni ó sọ.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wò ó dáadáa. Púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ní owó náà kì í jókòó. Wọ́n ń jí kí ilẹ̀ tó mọ́. Wọ́n ń jiyàn lórí iye owó ọjà, wọ́n ń yá owó ní báǹkì, wọ́n ń dá iṣẹ́ tuntun sílẹ̀ ní ọjọ́ orí tí ẹlòmíràn ti ń jókòó sí ẹnu ọ̀nà tí ó ń wo àwọn tí ń kọjá. Bí ó bá ṣe pé nítorí oúnjẹ ni, wọ́n ti yó. Bí ó bá ṣe pé nítorí ilé ni, wọ́n ti kọ́ ọ. Kí wá ni ó ń jí wọn?

Ìbéèrè yìí kan ilé tiwa ju bí a ti rò lọ. Ọmọ tí ó bá gbàgbọ́ pé ìdí tí a fi ń wá owó ni kí a lè bọ́ lọ́wọ́ iṣẹ́, ọ̀nà àbùjá ni yóò máa wá kiri. Ibẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ kan ti ń bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n fi ń jókòó ti fóònù láti òru di òwúrọ̀, tí wọ́n ń lu àjèjì ní jìbìtì lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọmọ rere náà lè ṣi ọ̀rọ̀ yìí gbọ́. Ó lè rò pé oore ni òun ń ṣe nígbà tí ó bá gba àtẹ ọjà kúrò lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ arúgbó, tí ó ní kí ó wá jókòó sí Kútọnu, kí ìyá náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ bí ewé tí a já. Nítorí náà, ó yẹ kí a mọ ohun tí iṣẹ́ ń ṣe fún ènìyàn lẹ́yìn tí owó bá ti tó.

ẸNI TÍ Ó NÍ JÙ LỌ, TÍ Ó TÚN GBÉ ẸRÙ

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ aládùúgbò wa. Ní Kánò, ní Nàìjíríà, ni a bí Alhaji Aliko Dangote ní ọjọ́ 10 oṣù kẹrin ọdún 1957. Kò ti inú òṣì wá. Alhassan Dantata, tí ó jẹ́ bàbá bàbá ìyá rẹ̀, ti fi òwò obì àti ẹ̀pà di olówó ńlá kí ó tó kú ní ọdún 1955. Nígbà tí Aliko bẹ̀rẹ̀ òwò ní ọdún 1977, ẹbí ìyá rẹ̀ ni ó yá a ní 500,000 náírà. Ó ń kó ìrẹsì, ṣúgà àti sìmẹ́ǹtì wọlé láti òkè òkun. Nígbà tí ó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe sìmẹ́ǹtì fúnra rẹ̀, ní Obajana àti ní ibòmíràn.

Ní ọdún 2011, ìwé ìròyìn Forbes ti Amẹ́ríkà ka àwọn olówó ilẹ̀ Áfíríkà, Dangote ni ó sì wà ní òkè pátápátá. Bí ó bá ṣe pé jíjókòó ni òpin owó, ibẹ̀ ni kì bá ti jókòó. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2013, nígbà tí ó di ẹni ọdún 56, ó kéde pé òun fẹ́ kọ́ ilé-iṣẹ́ ìfọpo. Ọ̀pọ̀ owó náà ni ó ní láti yá. Bílíọ̀nù dọ́là 9 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣírò rẹ̀ sí. Kí ó tó parí, ó ti tó nǹkan bí bílíọ̀nù 20. Ó di ọjọ́ 22 oṣù karùn-ún ọdún 2023 kí wọ́n tó ṣí i ní Lekki, lẹ́bàá Èkó. Ní oṣù kìíní ọdún 2024 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í mú díísù àti epo ọkọ̀ òfuurufú jáde, epo bẹntiróòlù sì tẹ̀lé e ní oṣù kẹsàn-án. Wọ́n kọ́ ọ kí ó lè fọ 650,000 àgbá epo rọ̀bì ní ojúmọ́ kan, àgbá kọ̀ọ̀kan sì tó líta 159.

Àwa tí ilẹ̀ wa bá Nàìjíríà pààlà mọ ohun tí ọ̀rọ̀ epo jẹ́. Ọ̀pọ̀ ọdún ni epo inú ìgò tí a ń rà lẹ́bàá ọ̀nà ti ń ti ìhà ọ̀hún wá. Síbẹ̀, Nàìjíríà tí ó ń wa epo rọ̀bì láti inú ilẹ̀ rẹ̀ ni ó ń lọ ra epo bẹntiróòlù ní òkè òkun nígbà náà. Bí ẹni tí ó gbin iṣu tí ó ń lọ ra èlùbọ́ ní ọjà ni. Ẹni tí ó bá rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀, tí ó sì mọ̀ pé agbára òun lè ká a, ara rẹ̀ kì í balẹ̀.

Inú ọkàn ènìyàn jìn, Ọlọ́run nìkan ni ó rí i tán. Ṣùgbọ́n ohun tí ènìyàn ṣe hàn sí gbogbo ojú. Ọkùnrin tí ó ti ní jù lọ, tí ó wá fi ohun tí ó ní wewu fún ọdún 10, ohun tí kò tíì parí ni ó ń jí i. Èyí ni ìdí kìíní: iṣẹ́ tí ènìyàn ti rí lójú ọkàn rẹ̀, tí kò tíì rí lójú ayé.

Ìdí kan tún so mọ́ ọn tí àwa tí a ń dáko yóò tètè mọ̀. Owó ńlá kì í ṣe omi inú àmù tí a bo ọmọrí lé, tí a ń bù mu títí. Oko ni. Ẹni tí ó ní oko kajú tí ó sì jókòó sílé nítorí pé igi rẹ̀ ti dàgbà, bí kò bá ro ìdí igi, tí kò la ọ̀nà yí oko ká kí ọyẹ́ tó dé, iná ìgbẹ́ ọ̀sán kan lè jó iṣẹ́ ọdún 10. Olówó mọ èyí. Gbèsè báǹkì ń bẹ, ẹni tí ń bá a dupò ń bẹ, àwọn tí ń retí owó iṣẹ́ ní ìparí oṣù ń bẹ. Nígbà mìíràn, ẹ̀rù ni ó ń jí i, kì í ṣe ayọ̀.

ÀWỌN ÌYÁ TÍ Ó FI MERCEDES LỌ SÍ ỌJÀ

Ẹ jẹ́ kí a fi ilé-iṣẹ́ ńlá sílẹ̀, kí a bọ́ sí ọjà, nítorí ọjà ni ó súnmọ́ wa jù. Ní Lomé, olú ìlú Tógò, lẹ́bàá kàtídírà, ni ọjà Assigamé wà. Ibẹ̀ ni àwọn ìyá aláṣọ tí a ń pè ní Nana Benz ti lókìkí, pàápàá ní àwọn ọdún 1970 sí 1990. Aṣọ wax láti Họ́láǹdì ni wọ́n ń tà. Ọ̀pọ̀ wọn kò kàwé púpọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n mọ àwọ̀ tí obìnrin Kútọnu fẹ́, wọ́n mọ èyí tí yóò tà ní Nàìjíríà àti èyí tí yóò tà ní Kóńgò. Àwọn oníṣòwò ni wọ́n ń sọ aṣọ lórúkọ, kí ó lè tà. Ta ni nínú àwọn ìyá wa tí kò mọ aṣọ tí wọ́n pè ní “Mon mari est capable”?

Wọ́n lówó débi pé ọkọ̀ Mercedes-Benz ni wọ́n ń gùn, ibẹ̀ ni orúkọ wọn ti wá. Ìjọba Tógò pàápàá a máa yá ọkọ̀ wọn láti fi gbé àlejò pàtàkì. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí ohun kan: ọjà ni wọ́n ń fi Mercedes náà lọ. Wọ́n á sọ̀kalẹ̀, wọ́n á jókòó láàárín ìdì aṣọ, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í nájà bí ẹni pé àná ni wọ́n bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ búburú dé bá wọn. Ní oṣù kìíní ọdún 1994, wọ́n gé iye owó sẹ́fà sí ìdajì lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó Faransé, aṣọ Họ́láǹdì sì di ọ̀wọ́n gógó. Lẹ́yìn náà ni aṣọ olówó pọ́ọ́kú láti Ṣáínà dé, tí ó jọ tiwọn bí ìbejì. Ní oṣù kìíní ọdún 2013, iná jó ilé ọjà náà. Òwò náà kò tóbi mọ́ bí ó ti rí tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kò kú. Àwọn ọmọbìnrin kan nínú ìdílé wọn gba àtẹ lọ́wọ́ ìyá, wọ́n ń bá a lọ.

Kí ni ó wà nínú ọjà tí kò sí nínú yàrá tútù? Ènìyàn ni. Ní ọjà, wọ́n mọ̀ ọ́. Wọ́n ń béèrè ohun tí o rò. Bí o kò bá wá ní ọjọ́ kan, wọ́n á rán ọmọ wá béèrè bóyá ara rẹ kò yá. Èyí ni ìdí kejì: iṣẹ́ ni ó ń fún ènìyàn ní ààyè láàárín àwọn ẹlòmíràn. Owó lè ra àga, kò lè ra ààyè yìí. Ìyá tí ń ta gàrí ní Bessé, tí àwọn ọmọ ń fi owó ránṣẹ́ sí lóṣooṣù, tí ó sì tún ń gbé igbá, kò ṣe é nítorí pé ó ka owó àwọn ọmọ sí kékeré. Ó fẹ́ kí a ṣì máa pe òun ní ìyá oní-gàrí, kì í ṣe ìyá tí ó jókòó sílé nìkan. Àwọn àgbà ní àtẹ́lẹwọ́ ẹni kì í tan ni jẹ.

ORÚKỌ TÍ Ó Ń PÈ WỌ́N

Ìdí kẹta ni orúkọ, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ní ojú méjì. Ẹfúnróyè Tinúubú, ọmọ Ẹ̀gbá tí a bí ní nǹkan bí ọdún 1810, ṣòwò tábà, iyọ̀ àti epo pupa ní Badagry àti ní Èkó. Ó tún ṣòwò ẹrú, a kò gbọdọ̀ fi bò. Ní ọdún 1856, wọ́n lé e kúrò ní Èkó. Ẹlòmíràn á ní ó tó, á lọ fẹ̀yìn lélẹ̀. Òun lọ sí Abẹ́òkúta, ó sì tún òwò bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ogun Dahomey dé ẹnu odi Abẹ́òkúta ní ọdún 1864, òun wà lára àwọn tí ó pèsè ìbọn àti ẹ̀tù fún àwọn jagunjagun Ẹ̀gbá. Wọ́n fi jẹ Ìyálóde ní ọdún náà, ó sì wà ní ipò náà títí ó fi kú ní ọdún 1887. Obìnrin tí ó ti lówó tẹ́lẹ̀ ni. Ipò àti orúkọ ni ó kù tí ó ń wá, ó sì rí wọn.

Olóyè Adéọlá Odùtọ́lá ti Ìjẹ̀bú-Òde, tí a bí ní ọdún 1902, bẹ̀rẹ̀ bí akọ̀wé kí ó tó di oníṣòwò. Ó dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, títí kan ti táyà, ó sì dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní ìlú rẹ̀. Ní ọdún 1971, nígbà tí àwọn oníléeṣẹ́ Nàìjíríà dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀, òun ni wọ́n fi ṣe ààrẹ àkọ́kọ́. Ó ti lé ní ẹni ọdún 65 nígbà náà. Ó gbé ayé di ọdún 1995. Iṣẹ́ ti di ti ìlú lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó bá tilẹ̀ fẹ́ jókòó, wọn kì bá jẹ́ kí ó jókòó.

Orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ, gbogbo wa mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá di pé ènìyàn ń ṣiṣẹ́ kí a lè kà á ṣáájú ẹnì kejì rẹ̀, kò ní sí ọjọ́ tí yóò tó. Ẹni tí ń wo ọrùn aládùúgbò rẹ̀ kì í mọ ìgbà tí ilẹ̀kẹ̀ tirẹ̀ pé.

ẸNI TÍ Ó FI OWÓ SÍLẸ̀ TÍ KÒ FI IṢẸ́ SÍLẸ̀

Bí ẹnikẹ́ni bá ṣì ń sọ pé owó nìkan ni ó ń mú olówó ṣiṣẹ́, kí ó gbọ́ ìtàn Chuck Feeney. Ìdílé Kátólíìkì tí ó ti Ireland wá ni wọ́n bí i sí ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1931. Ní ọdún 1960, òun àti ẹnì kejì rẹ̀ dá òwò kan sílẹ̀ tí ń ta ọjà fún àwọn arìnrìn-àjò ní pápákọ̀ òfuurufú láìsan owó orí ọjà. Òwò náà búrẹ́kẹ́, Feeney sì di ọlọ́rọ̀ ńlá.

Ní ọdún 1984, ní ìkọ̀kọ̀, ó fi ìpín tirẹ̀ nínú òwò náà fún àjọ ìtọrẹ àánú tí ó ti dá sílẹ̀, tí a wá mọ̀ sí Atlantic Philanthropies. Láti ọjọ́ náà lọ, owó náà kì í ṣe tirẹ̀ mọ́. Ṣé ó wá lọ sùn ni? Rárá o. Ó ń bá iṣẹ́ òwò náà lọ bí ti tẹ́lẹ̀ fún ọdún tí ó lé ní 10, ó ń jiyàn lórí owó ọjà, ó ń fò kiri ayé, láìjẹ́ pé èrè rẹ̀ ń wọ àpò òun. Ọdún 1997, nígbà tí wọ́n ta òwò náà, ni ayé tó mọ̀ pé ó ti fi í tọrẹ láti ìgbà pípẹ́. Àjọ náà ná ohun tí ó lé ní bílíọ̀nù dọ́là 8 lórí ilé-ẹ̀kọ́, ìlera àti àlàáfíà, ní Ireland, ní Vietnam, ní South Africa àti ní ibòmíràn. Wọ́n ná an tán, wọ́n sì ti àjọ náà ní ọdún 2020. Feeney kú ní oṣù kẹwàá ọdún 2023 ní ẹni ọdún 92, nínú ilé tí ó ń háyà, ó sì ń dé aago olówó pọ́ọ́kú mọ́ ọwọ́.

Ìdí kẹrin nìyí, òun ni ó sì tóbi jù lójú tèmi: ẹni tí a ń ṣe iṣẹ́ fún. Owó ni ó ń mú ọ̀pọ̀ ènìyàn bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe owó ni ó ń mú wọn pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí ikùn bá ti yó, iṣẹ́ ń béèrè lọ́wọ́ olúwa rẹ̀ pé, “Nítorí ta ni?” Bí ìdáhùn kò bá sí, iṣẹ́ náà yóò di ẹrù, tàbí kí ó di òrìṣà.

NÍGBÀ TÍ IṢẸ́ BÁ DI ÒRÌṢÀ

A kò gbọdọ̀ yin iṣẹ́ ní àyìnjù. Bàbá kan wà tí ń jáde kí ọmọ tó jí, tí ń wọlé nígbà tí ọmọ ti sùn, tí ó ní nítorí ọmọ ni. Ọmọ náà kò mọ̀ ọ́n ju àlejò lọ. Ọkọ kan wà tí ń sá fún ìjà ilé lọ sí ìdí òwò. Ilé rẹ̀ ń wó, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ń kún. A rántí ọkùnrin inú Ìhìnrere tí ń wéwèé láti kọ́ àká tí ó tóbi jù ti àtẹ̀yìnwá, tí kò mọ̀ pé òru ọjọ́ náà ni òun yóò kú. Nínú lẹ́tà rẹ̀ Laborem Exercens ti ọdún 1981, Póòpù Johanu Paulu Kejì kọ́ wa pé iyì iṣẹ́ ti ara ẹni tí ń ṣe é wá, àti pé ènìyàn ṣe pàtàkì ju ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ń mú jáde lọ.

Ewu kejì ni àìmọ ìgbà tí ó yẹ kí a fà á lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Warren Buffett ti Amẹ́ríkà, tí ó ṣì ń gbé inú ilé tí ó rà ní ọdún 1958, pẹ́ nídìí iṣẹ́ débi pé ìparí ọdún 2025 ni ó tó fi ipò olórí òwò rẹ̀ sílẹ̀, ní ẹni ọdún 95. Ṣùgbọ́n láti ọdún 2021 ni a ti mọ ẹni tí yóò gba ipò náà. Ní ilé tiwa ńkọ́? Òwò mélòó ni ó bá olówó wọ sàréè, nítorí pé òun nìkan ni ó mọ ẹni tí ó jẹ ẹ́ ní gbèsè, òun nìkan ni ó mọ ibi tí ààlà ilẹ̀ dé, kò sì sọ fún ìyàwó tàbí ọmọ? Lẹ́yìn ìsìnkú ni ìjà ń bẹ̀rẹ̀.

NÍ ILÉ TIWA

Kí ni kí a wá ṣe? Ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe máa sọ níwájú ọmọ pé, “Kàwé kí o má baà ṣiṣẹ́ bíi tèmi.” Ìyẹn ni pé ìyà ni iṣẹ́ yín, ọmọ yóò sì gbà yín gbọ́. Ẹ sọ pé, “Kàwé kí o lè ṣe iṣẹ́ tí yóò wúlò ju tèmi lọ.” Ẹ jẹ́ kí ó rí yín nígbà tí inú yín dùn nídìí iṣẹ́: nígbà tí iṣu ta dáadáa, nígbà tí oníbàárà padà wá dúpẹ́.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ wà ní Kútọnu, ní Pàràkú tàbí ní Èkó, bí agbára bàbá tàbí ìyá bá ń dín kù, ẹ dín ẹrù wọn kù, kí ẹ má gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ẹ wá ẹni tí yóò gbé àpò gàrí, kí ìyá máa wọ̀n ọ́n tà. Ẹ wá ẹni tí yóò ro oko, kí bàbá máa tọ́ka ibi tí wọn yóò gbin iṣu sí. Owó oṣù tí ẹ fi ń ránṣẹ́ dára, ṣùgbọ́n ẹ béèrè ìmọ̀ràn lọ́wọ́ wọn pẹ̀lú, nítorí ẹni tí a kò béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́ ń rò pé a ti sin òun láàyè.

Ẹ̀yin tí Ọlọ́run ti bùkún ọwọ́ yín, tí ẹ sì ń ṣiṣẹ́ síbẹ̀, a kò bá yín wí. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, nígbà tí ilé bá pa lọ́lọ́, ẹ bi ara yín ní ìbéèrè mẹ́ta. Ta ni mò ń ṣe é fún? Ta ni yóò mọ̀ ọ́n ṣe lẹ́yìn mi? Àwọn ará ilé mi ha ń rí mi bí? Ẹni tí ó bá rí ìdáhùn sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ó sùn dáadáa, kí ó sì jí lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀ ní òwúrọ̀. Ẹni tí kò bá rí, kí ó pe ìyàwó àti àwọn ọmọ jọ ní ọ̀la, kí wọ́n jọ wá a.